Lílì Tó Ń Gba Oríkì Láàárọ̀

Òdòdó ni mo ń bá jowú. Kì í ṣe obìnrin ẹgbẹ́ mi, kì í sì í ṣe orogún, nítorí mi ò ní orogún rí; ọkọ mi tó ti di olóògbé kò fẹ́ ẹlòmíràn lé mi. Òdòdó lílì ni, tó wà lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ fèrèsé Màámi, nínú ilé tí bàbá wa kọ́ sí Sùúrùlérè. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ tètè rín in báyìí, kí n lè máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo iwájú ilé wa, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò. Ibi kan péré ni bàbá wa ní kí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí Màámi lè rí ibi gbin ewúro àti ẹ̀fọ́. Ewúro ló wà níbẹ̀ nígbà èwe wa. Nígbà tó yá ewúro kú, ilẹ̀ náà wà lásán, adìyẹ àwọn ayálégbé tó wà lókè ń walẹ̀ kiri níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bìkítà.

Àbúrò mi obìnrin ló gbin lílì síbẹ̀. Àwa méjì péré ni Màámi bí. Ní ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ lọ sí Kánádà, ó dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ó ra ìdì kan tó wà nínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Ewé gbọọrọ-gbọọrọ lásán ni, ó jọ ewé tíì, kò tilẹ̀ sí òdòdó kankan lórí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, ó gbìn ín. Èmi ni mo pọn omi wá. Ó wá kọjú sí Màámi tí wọ́n jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màámi, bí ẹ ò bá rí mi, ẹ máa wo eléyìí. Ọjọ́ tó bá ti yọ òdòdó, ẹ mọ̀ pé èmi ni mo wá kí yín yẹn." Ni Màámi bá bú sẹ́kún. Ni òun náà bá bú sẹ́kún. Èmi tí mo di korobá mú dúró láàárín àwọn méjèèjì, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí.

Lójú tèmi, kò lè hù. Ilẹ̀ tí adìyẹ ti sọ di tiwọn! Mo bá tèmi lọ sọ́jà, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Kí ohun tó ń bí mi nínú lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àárọ̀ ṣe máa ń rí nínú ilé yìí nígbà tí a wà lọ́mọdé. Bí a bá ti jí, ibi tí a kọ́kọ́ ń lọ ni ẹnu ọ̀nà yàrá Màámi. Àwa méjèèjì á kúnlẹ̀ pa pọ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà." Màámi kì í kàn dáhùn pé káàárọ̀ kí wọ́n sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì wá. Èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ kì, nítorí èmi ni àkọ́bí. Wọ́n á pe oríkì mi, èyí tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n á fà á gùn, wọ́n á wá mú un rìn láti Iléṣà, lọ́dọ̀ àwọn bàbá mi, títí dé orí ẹní tí mo kúnlẹ̀ sí. Wọ́n á fi ohun tójú wọn rí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi kún un. Orí mi á wú. Mi ò ní fẹ́ dìde. Àbúrò mi á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n parí tèmi kí ó lè kan òun.

Mi ò ní kọ oríkì náà síbí. Ẹ má bínú. Láti ìgbà tí mo ti rí i pé wọ́n ń fi ti àbúrò mi fún òdòdó ni mo ti ń ṣọ́ tèmi.

Ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Mo lọ sílé ọkọ, mo bí ìbejì, láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ayé ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń pè mí tẹ́lẹ̀. Ìyá Ìbejì ni mí ní Tẹ̀júoṣó, níbi tí mo ti ń ta ṣíìpù, bọ́tìnnì àti òwú fún àwọn télọ̀. Ìyá Ìbejì ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọ ti dàgbà, tí ẹsẹ̀ Màámi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, mo kó ẹrù mi padà sílé bàbá mi láti máa tọ́jú wọn. Màámi náà, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè mí. Ìyá tó bí mi lọ́mọ! Bí ẹni tó wá ra ṣíìpù lọ́wọ́ mi.

Bí a ṣe ń ṣe é láàárọ̀ nìyí. Mo máa ń jí ṣáájú Màámi kí n lè gbé omi wọn kaná. Tí omi bá ti gbóná, màá bù ú sínú abọ́ ńlá, màá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, màá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, "Ẹ káàárọ̀ mà," kí n tó sọ ọ́ tán mo ti dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màámi á ní, "Káàárọ̀, Ìyá Ìbejì. Ṣé omi yẹn ò gbóná jù?" Màá wẹ̀ wọ́n, màá fi òróró pa wọ́n lẹ́sẹ̀, màá fún wọn ní oògùn wọn àti ògì, màá sì sáré jáde kí àwọn télọ̀ má baà lọ rà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìfẹ́ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣì mí gbọ́. Mo kàn ń kánjú ni.

Òwúrọ̀ kan lẹ́yìn òjò, mo wà ní kíṣínnì, mò ń retí kí omi hó, ni mo gbọ́ ohùn Màámi níta. Kì í ṣe ohùn tí wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa omi gbígbóná. Ohùn àtijọ́ ni. Omi bọ́ lójú mi kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo ká kọ́tìnì kúrò lójú fèrèsé, mo yọjú. Màámi gbára lé ọ̀pá wọn níwájú ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Lílì ti la òdòdó kan ṣoṣo, yẹ́lò, ọ̀fun rẹ̀ pọ́n, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Oríkì àbúrò mi ni wọ́n ń kì í. Wọ́n kì í, wọ́n kì í, wọ́n mú un dé Iléṣà, wọ́n mú un padà. Nígbà tí wọ́n kì í tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Omi mi hó dànù sórí gáàsì, ó sì pa iná.

Ìwà lílì yìí ni pé òdòdó rẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Á là láàárọ̀, á ṣí ẹnu gbàgàdà lọ́sàn-án, tó bá fi máa di alẹ́ á ti ká jọ, á rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ tì. Nígbà tí mo ti ọjà dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn tí mo rí i bó ṣe kákò, inú mi dùn. Mo ní ó ti parí. Àṣé àwọn mìíràn ti wà lórí igi kan náà, tí wọ́n di ẹnu wọn, tí wọ́n ń retí. Lọ́jọ́ kejì èyí tó kàn là. Màámi tún jáde. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìka ká èyí tó kú lánàá dànù kó má baà jẹrà sára àwọn tó kù, wọ́n wá yíjú sí tuntun, wọ́n kì í bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ni. Orogún tó ń kú lálaalẹ́ tó sì ń jí láràárọ̀, kí lèèyàn fẹ́ fi irú ìyẹn ṣe?

Èmi náà ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀. Omi tí mo bá fi ṣan ìrẹsì, lílì ló ni ín. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbẹ, èmi ni mo ń lọ bù ú wá lọ́dọ̀ àwọn ayálégbé, tí mo ń fi í pò mọ́ yẹ̀pẹ̀. Tí òjò ò bá rọ̀, èmi ni mo ń bomi rin ín pẹ̀lú agolo tí mo dá ihò sí nídìí, ní ìdúró, báàgì ọjà mi ti wà léjìká. Tí mo bá yára jù, Màámi á ké látojú fèrèsé pé, "Rọra, o fẹ́ ṣẹ́ ẹ lọ́rùn!" Wọn ò bi mí léèrè rí bóyá ọrùn ń dun èmi náà.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan nínú àwọn ayálégbé sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ibà ń ṣe ọmọ rẹ̀, ó rò pé ewé tíì ló wà nílẹ̀ yẹn, ó fẹ́ gé e sínú àgbo. Mo rí i. Mo ṣì ń rò ó bóyá kí n sọ̀rọ̀ tàbí kí n máa to bọ́tìnnì mi lọ, ni Màámi figbe ta lójú fèrèsé, "Ọmọ mi nìyẹn o! Má gé ọmọ mi!" Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Èmi ni mo sìn ín gòkè padà, tí mo ń ṣàlàyé fún un lórí àtẹ̀gùn pé kì í ṣe ewé tíì, kì í sì í ṣe ọmọ.

Ní ọjọọjọ́ Àìkú, àbúrò mi máa ń pè wá lórí Wasáàpù kí a lè rí ojú ara wa. Èmi ni mo ń di fóònù mú, nítorí ọwọ́ Màámi ń gbọ̀n. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni, "Gbé e lọ síbi lílì." Màá gbé e lọ. "Sún mọ́ ọn dáadáa, kó lè rí ọ̀fun rẹ̀." Màá sún mọ́ ọn. Àbúrò mi á pariwo láti Kánádà, "Háà, Màámi, ẹ wo bó ṣe rẹwà!" Màámi á ní, "Ìwọ nìyẹn." Àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo eré yìí, ipa tèmi kò ju apá tó ń ro mí lọ. Tó bá fẹ́ pa fóònù ni àbúrò mi tó máa ń rántí mi: "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kí omi wọ́n ọn o." Omi wọ́n ta ni? Mo máa ń fẹ́ bi í bóyá ó mọ̀ pé ìyá wa náà ń fi omi wẹ̀.

Mo gbìyànjú láti bá òdòdó yẹn díje. Mo lọ bá àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, mo ra róòsì pupa kan tó wà nínú ìkòkò, èyí tó ti ń tanná tẹ́lẹ̀, kí a má fi àkókò ṣòfò. Mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà gan-an, níbi tó jẹ́ pé tí èèyàn ò bá rí i, á kọsẹ̀ lára rẹ̀. "Màámi, èmi ni mo ra eléyìí fún yín." Wọ́n wò ó. "Ó dára. Ó ní ẹ̀gún." Ó tán. Wọ́n fi ọ̀pá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè rọ́nà kọjá síbi lílì. Kò pẹ́ tí róòsì náà fi gbẹ. Mo gbà pé ohun tó fẹ́ pa èmi náà ló pa á.

Òwúrọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa Màámi lẹ́sẹ̀ tán, mò ń wá bàtà wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn ti ń na ọrùn wo ìta. "Ìyá Ìbejì, ṣe kíá, ó ti là." Ara mi gbóná wá látàtẹ́lẹsẹ̀.

"Màámi, ṣé òdòdó ló ń wẹ̀ yín ni? Ṣé òdòdó ló ń se ọbẹ̀ tí ẹ ń jẹ?"

Màámi wò mí. Ẹnu yà wọ́n. "Kí ni òdòdó ṣe fún ọ?"

"Ẹ ń kì í láràárọ̀!"

"Ó ń kí mi ni," ni wọ́n wí, wọ́n rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọ kékeré. "Ṣé o ò rí bó ṣe tẹrí ba ni? Tó bá ti kí mi, ṣé kí n má dá a lóhùn?"

Mo wo ìta. Lóòótọ́ ni igi rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, nítorí òdòdó náà wúwo lórí rẹ̀. Mo ní, "Màámi, òjò ló tẹ̀ ẹ́." Mo gbé báàgì mi, mo lọ sọ́jà. Àwọn télọ̀ ni mo fi ìbínú mi jẹ níyà ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Èyí tó ní kí n bá òun wá ṣíìpù yẹ́lò, mo ní mi ò tà á, bẹ́ẹ̀ ó wà lójú rẹ̀ nínú àtẹ.

Nígbà tó ṣe bí ọdún mélòó kan, lílì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ewé rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó dí pinpin, ó kún ilẹ̀ náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ ń dín kù, ó sì ń kéré. Nígbà tí òjò ọdún yẹn dé, tó yẹ kó máa là lọ́tùn-ún lósì, kò là rárá. Ẹ wò ó, mo yọ̀. Ẹja tútù ńlá ni mo rà wálé lọ́jọ́ náà. Mo ní ní báyìí, Màámi á wá yíjú sí mi.

Wọn ò yíjú síbì kankan. Wọ́n á jí, wọ́n á wo ojú fèrèsé, wọ́n á tún padà fi orí lé ìrọ̀rí. Tí mo bá gbé omi wọlé, wọ́n á ní kí n gbé e sílẹ̀ ná. Ilé dákẹ́ láàárọ̀ débi pé mò ń gbọ́ bí àwọn ayálégbé ṣe ń fọ eyín lókè. Kò sẹ́ni tó ń gba oríkì kankan mọ́, ìbáà ṣe èèyàn tàbí òdòdó. Mo wá rí i pé mo máa ń dúró ní kíṣínnì, mo máa ń tẹ́tí sí ohùn tó ti ń bí mi nínú látọjọ́ tó ti pẹ́. Ìyẹn tún wá dùn mí ju owú lọ.

Mo sọ fún àbúrò mi lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ó ti há mọ́ra wọn ni. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bímọ, àwọn ọmọ ti pọ̀ ju àyè lọ. Ẹ hú u síta, ẹ pín in sọ́nà bíi mélòó kan, ẹ tún un gbìn. Ẹ má rì í wọlẹ̀ jù o, kí ọrùn rẹ̀ wà lókè."

"Kí n hú u?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá."

"Tìrẹ yìí?"

"Àǹtí mi, ẹ hú u jàre."

Ẹni tó bá ti jowú rí nìkan ló lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Ẹni tó ni nǹkan ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí n hú u!

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo jí ṣáájú Màámi, mi ò gbé omi kankan kaná. Mo mú ọkọ́ kékeré àti ọ̀bẹ tí a fi ń gé iṣu, mo jáde. Ìdúró ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe é, bí mo ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n lílì ò gbà. Mo fa ewé rẹ̀ títí ó fi já mọ́ mi lọ́wọ́, gbòǹgbò ò mira. Mo wá ká àpò ìrẹsì kan sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ lé e. Orúnkún mi pariwo. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi kan ilẹ̀ kẹ́yìn; ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, orí àga ni mo ti ń gbàdúrà. Mo gbẹ́ ẹ yípo, mo fi ọwọ́ tú yẹ̀pẹ̀, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀. "Jáde wá. O ti jẹ ayé tó. Omi ìrẹsì, tìrẹ. Ìgbẹ́ adìyẹ, tìrẹ. Oríkì, tìrẹ. Jáde kí n rí ojú rẹ lónìí."

Ó jáde lójijì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdí jókòó. Mo gbé e lé itan, mo gbọn yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù. Ohun tí mo rí ò jọ ọ̀tá. Gbòǹgbò rẹ̀ sanra, ó funfun, bí ìka ọmọ ọwọ́, wọ́n wé mọ́ra wọn débi pé mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti igi wo. Èyí tó wà láàárín gbùngbùn, tí àbúrò mi gbìn fúnra rẹ̀, ti gbẹ, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn tó yí i ká ló ń gbé. Mo ń rọra fi ọ̀bẹ là wọ́n níyà nígbà tí mo gbọ́ kò, kò, kò lẹ́yìn mi. Ọ̀pá Màámi ni.

Mo fi orúnkún yí padà síbi tí mo wà. Ẹrẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ mi, lílì wà lórí itan mi, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà."

Màámi wo ihò tó wà nílẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bínú nítorí lílì tí mo hú. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò.

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí.

Tèmi ni. Kì í ṣe ti àbúrò mi. Wọ́n pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n fà á níbi tí wọ́n ti máa ń fà á, wọn ò gbàgbé bàbá kankan lójú ọ̀nà. Wọ́n dé orí ọjọ́ tí wọ́n bí mi, wọ́n sọ ọ́ tán. Mo jókòó sórí gìgísẹ̀ mi, mo ń sunkún bí òmùgọ̀, mo fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ nu ojú, ẹrẹ̀ gba ojú mi kan. Obìnrin òkè tó mú ọ̀bẹ wá níjọ́sí ń sá aṣọ lọ́wọ́, ó yọjú wò mí, ó sì padà wọlé.

Mo ní, "Màámi, kí ló dé tí ẹ ò fi kì mí mọ́ látọjọ́ yìí?"

"Ìgbà wo lo kúnlẹ̀?" ni wọ́n wí. Wọ́n wá fi ọ̀pá wá àga wọn, wọ́n jókòó. "Abọ́ omi ni mo kọ́kọ́ ń rí láàárọ̀. Ìwọ lo ń wẹ̀ mí, ìwọ lo ń fún mi lóògùn, ìwọ lo ń sọ pé kí n lanu, kí n gbé ẹsẹ̀. Ó wá dà bíi pé ìwọ ni ìyá, èmi ni ọmọ. Ta ló ń kì ìyá rẹ̀ láàárọ̀? Mo rò pé o ti dàgbà kọjá rẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ ń pè mí ní Ìyá Ìbejì."

"Mo gbọ́ tí gbogbo èèyàn ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀ tí o ń jẹ́ wọn. Mo rò pé òun ló wù ọ́."

Orúnkún ń dùn mí, mi ò sì fẹ́ dìde.

Màámi ni wọ́n darí mi títí a fi gbìn ín tán, látorí àga wọn. Mo gé ewé rẹ̀ kúrú, mo da omi sílẹ̀, mo gbin ìdì kan padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ọrùn rẹ̀ wà lókè bí àbúrò mi ṣe wí. Màámi ní, "Ti ta nìyẹn?" Mo ní ti àbúrò mi ni. Mo gbé ìdì kejì. "Èyí ńkọ́?" Mo ní tèmi ni. Wọ́n ní, "Má gbìn ín jìnnà sí mi." Abẹ́ fèrèsé wọn gan-an ni mo gbìn ín sí. Èyí tó ṣẹ́ kù, mo gbé e sínú korobá tó ti fọ́, mo fún obìnrin òkè, mo sì kìlọ̀ fún un kó má fi se àgbo.

Láti ọjọ́ yẹn, mo ń gbé abọ́ omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá kí n tó wọlé. Mo ń kúnlẹ̀, bí orúnkún fẹ́, bó kọ̀. Tí omi bá tutù, a ó tún gbé e kaná. Àwọn télọ̀ ti mọ̀ báyìí pé mo máa ń pẹ́ dé ọjà, wọ́n sì ń dúró dè mí. Mo rò pé owú ti tán lára mi. Àmọ́ mo ń ṣọ́ àwọn lílì méjèèjì láti mọ èyí tó máa kọ́kọ́ yọ igi òdòdó, tèmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ fún ní omi ìrẹsì. Tí ó bá ṣẹ́ kù, mo ń fún ti àbúrò mi. Màámi ń rí mi látojú fèrèsé, wọ́n kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Tèmi ló kọ́kọ́ là. Mo wà ní kíṣínnì láàárọ̀ ọjọ́ náà, omi ò tí ì gbóná, ni mo gbọ́ ohùn Màámi níta. Mo tẹ́tí. Oríkì mi ni. Mo dáwọ́ dúró, mo ń rẹ́rìn-ín sí ògiri, kí n tó rántí pé èmi kọ́ ló wà níta níwájú wọn. Mo ká kọ́tìnì. Òdòdó yẹ́lò kan ti là lábẹ́ fèrèsé, ó tẹrí ba, Màámi gbára lé ọ̀pá, wọ́n ń kì í pẹ̀lú oríkì tèmi, wọ́n ti mú un kúrò ní Iléṣà, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un délé.

Mo pa gáàsì. Mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù láàárín ìyá mi àti òdòdó mi, mo kọ ẹ̀yìn sí i kó má baà gba ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mọ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

Màámi dá oríkì náà dúró. Wọ́n wò mí, wọ́n na ọrùn wo lílì lẹ́yìn mi, ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn. "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí o."

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè."

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ látòkè.